Alẹ́ Tí Odó Ilé Wa Dákẹ́

Ìró odó ni ohun àkọ́kọ́ tí etí mi máa ń rántí bí ẹnikẹ́ni bá dárúkọ Ìkẹ́rẹ́. Bí oòrùn bá ti ń rọra wọ̀ sẹ́yìn àwọn àpáta, ilé kan á bẹ̀rẹ̀, òmíràn á gbà á, títí gbogbo àdúgbò á fi máa dún kì, kì, kì. Kò sí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ nílé kejì lálẹ́. Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yẹn tipẹ́: iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, kẹ́nu má dilẹ̀ ni ti gúgúrú. Ẹni tó bá ní ìrẹsì ni òun jẹ sùn lọ́dọ̀ wa, wọ́n á bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Èmi náà mọ gbogbo èyí tẹ́lẹ̀, àmọ́ mo gbé Èkó pẹ́ débi pé mo gbàgbé pé odó máa ń sọ̀rọ̀. Alẹ́ ọjọ́ kan ló rán mi létí, ìyàlẹ́nu alẹ́ ọjọ́ náà kò sì tíì kúrò lára mi.

Bàbá wa, tó ṣe tíṣà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ti kú ní ọdún tó ṣáájú. Ó wá ku ìyá wa nìkan nínú ilé ńlá, òun àti àwọn adìẹ rẹ̀ àti odó tó wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, ìyá wa ní òun kò lọ. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, kó tó di pé ẹ̀gbọ́n mi rí ọgbọ́n kan dá sí i. Ó bẹ obìnrin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ dojú kọ tiwa, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Ọ̀kánkán láti kékeré, pé kó máa bá òun fetí sílẹ̀. Ní alaalẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi á pè é lórí fóònù, á ní, "Ṣé odó dún?" Ìyá Ọ̀kánkán á dáhùn pé, "Ọ́ dún," ẹ̀gbọ́n mi á sì lọ sùn. Ó ti sọ fún ìyá wa gbangba pé, "Màámi, ọjọ́ tí ẹ ò bá lè gúnyán mọ́, mi ò ní bi yín léèrè o. Màá kàn wá gbé yín ni." Ìyá wa gbà bẹ́ẹ̀, odó náà kò sì dákẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n mi wá rán sí i láti fi ẹnu dídùn fà á wá sí Èkó. Mo sì gbà pé mo mọ ọ̀nà tí mo fẹ́ gbà. Nígbà náà, mo ń gbé ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì l'Ékòó, mo sì ti fi fóònù kọ́ oríṣiríṣi oúnjẹ tí n kò tilẹ̀ lè pe orúkọ òmíràn nínú wọn. Èyí tí mo fi ń yangàn jù ni pásítà tí mo máa ń fi ọwọ́ ara mi pò láti inú fúláwà, tí mo máa ń fi adìẹ àti ọbẹ̀ oní-mílíìkì tó ki jọ̀lọ̀ jẹ. Mo rò ó lọ́kàn ara mi pé bí ìyá mi bá lè tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan péré, á mọ̀ pé ayé wà níbòmíràn, òun fúnra rẹ̀ ni yóò di ẹrù rẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n pọ̀ lágbárí mi. Mo di fúláwà, mo di bọ́tà, mo di áyù, mo tún gbé ọ̀rá wàrà inú páálí dání, èyí tí ooru inú mọ́tò sọ di kíkan kí n tó dé Ìkẹ́rẹ́.

Ní alẹ́ tí mo dé, ìyá mi gún iyán. Ó gbé tèmi fún mi pẹ̀lú ẹ̀fọ́ àti ẹran ìgbẹ́, ó ní kí n jẹun, pé òun á jẹ tòun nídìí ààrò. N kò fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Bó ti máa ń ṣe nìyẹn nígbà tí bàbá wa wà láyé: á gbé ti bàbá wa sórí tábìlì, á wá padà sí kíṣìnnì. Mo jẹ iyán náà títí ikùn mi fi le, mo sì ń rò ó pé oúnjẹ ti ọ̀la ló máa gbẹ̀yìn gbogbo èyí.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo bá a níbi tó ti ń gbálẹ̀. Mo ní, "Màámi, ti pásítà ni lálẹ́ òní o. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

Ìyá mi nàró. "Pásítọ̀?"

"Pásítà," mo tún un sọ. Mo mọ bí ẹnu àwọn àgbà wa ṣe máa ń yí ọ̀rọ̀ òyìnbó, n kò sì fẹ́ dójú tì í. Òun náà, bí mo ṣe wá gbọ́ lẹ́yìn, rò pé ẹnu Èkó ló ń ṣe mí, ó sì fẹ́ bò mí láṣìírí.

Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Láti ùgbà tí bàbá rẹ ti lọ, éè tíì wọ inú ulé yí."

Tí kò bá tíì wọlé wa láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, á jẹ́ pé pásítà ti wọ ilé wa rí nìyẹn, ó sì yà mí lẹ́nu. Mo rò pé bóyá bàbá mi ti gbé e bọ̀ láti Adó nígbà kan, tí kò sọ fún àwa ọmọ. Mo ní mo fẹ́ lọ ra adìẹ lọ́jà, ìyá mi ní ká má rí i. Ó ní irú ìyẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi ẹran ọjà ṣe, ti ilé la ó pa. Ó fúnra rẹ̀ mú èyí tó sanra jù lọ nínú wọn, ó ki í mọ́lẹ̀ fún mi. Inú mi dùn gan-an, mo ní, ìyá mi ti ń fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ Èkó.

Ìgbà tí mo ń tún adìẹ náà ṣe ni nǹkan kọ́kọ́ já mi láyà. Mo ti fà á níyẹ̀ẹ́ tán, mo wá fi ọ̀bẹ la àpò tó wà nísàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, níbi tí adìẹ máa ń kó oúnjẹ sí kó tó dé inú ìwe. Mo rò pé mo fẹ́ rí àgbàdo àti kòkòrò. Iyán ló bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kì í ṣe iṣu sísè o, iyán kíkúnná ni, funfun báláú, tó kún àpò náà fọ́fọ́. Orí mi wú. Àwọn àgbà ní adìẹ ń jẹ okà, ó ń mu omi, ó ń gbé òkúta mì, ó ní òun ò léyín. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó tún ń jẹ iyán. Mo pe ìyá mi pé kó wá wò ó. Ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbójú kúrò.

"Adìẹ éè mọ ulé ẹni kan," ó sọ. "Ubi tí ó bá ti rí ni ó ti ń jẹ."

Ó sì kọjá lọ bí ẹni pé mo fi ewé hàn án. Mo dúró síbẹ̀, iyán ń bẹ lọ́wọ́ mi. Mo bi ara mi pé ilé ta ni wọ́n ti ń gúnyán fún adìẹ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tí iṣu ti di ohun tí ènìyàn ń rò kó tó rà. Mo fọ ọwọ́ mi, mo gbé adìẹ kaná.

Ní ọ̀sán, ìyá mi ní òun fẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì kíá. Ó jáde, ó sì padà, kò sọ ohun tó lọ ṣe. Èmi ti da fúláwà sórí tábìlì nígbà náà, mo gbẹ́ ihò sí àárín rẹ̀, mo ń fọ́ ẹyin sí i. Ó dúró wò mí.

"Ṣé o éè rí abọ́ ni?" ó bi mí.

Mo ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Kò bá mi jiyàn. Mo pò ó títí apá fi ń ro mí, mo bò ó kó sinmi, mo wá fi ìgò yí i pẹrẹsẹ lórí tábìlì títí ó fi tẹ́ bí aṣọ, mo sì fi ọ̀bẹ là á tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ohun tó ṣẹ́kù ni kí n sá a kó gbẹ díẹ̀. Nínú fóònù, igi gbọọrọ kan ni wọ́n máa ń kọ́ ọ sí, èmi kò sì ní irú igi bẹ́ẹ̀. Mo wo yàrá, mo wo kíṣìnnì, ojú mi bá balẹ̀ sórí ọmọ odó. Ó gùn, ó mọ́, ó ń dán. Mo fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ. Nítorí pé adìẹ kò ní jẹ́ kí n rímú mí lẹ́yìnkùlé, mo gbé e wá sí pálọ̀, mo gbé àga méjì dojú kọ ara wọn, mo sì tẹ́ ọmọ odó náà sórí wọn. Mo wá ń kọ́ pásítà sí i níkọ̀ọ̀kan, títí gbogbo ara rẹ̀ fi funfun, tí wọ́n ń já wálẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo yà á ní fọ́tò, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ mi l'Ékòó.

Bí ọjọ́ ṣe ń rọ̀, mo bá ìyá mi níbi tó ti ń bẹ iṣu.

"Màámi, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Uyán ni. Kí la fẹ́ gbé síwájú rẹ̀?"

"Rárá o. Pásítà ò fẹ́ iyán."

Ìyá mi dá ọ̀bẹ dúró. "Òun ni ọ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ?"

"A kì í jẹ ẹ́ pẹ̀lú iyán rárá, Màámi."

Ó wò mí títí. Ó wá ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ó lè jẹ́ pé ààwẹ̀ ni. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo rẹ́rìn-ín. Ó gbé iṣu tì, ó dìde, ó ní ó dáa, kí òun ṣáà gún díẹ̀, díẹ̀ lásán, kí odó lè dún. Mo fà á lọ́wọ́ lọ sí pálọ̀, mo fi ọmọ odó rẹ̀ hàn án níbi tó nà gbalaja sí. Ojú rẹ̀ yí padà. Èmi, nínú ọgbọ́n mi, mo rò pé iṣẹ́ ọwọ́ mi ló yà á lẹ́nu.

"Kí ulẹ̀ tó ṣú, bá mi kó wọn kúrò lára rẹ̀," ó sọ. "Mo bẹ̀ ọ́."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ó lọ wẹ̀, ó lọ múra.

Gbogbo ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Ọbẹ̀ oní-mílíìkì kì í gba kí ènìyàn yí ojú sẹ́yìn. Mo ti yọ́ bọ́tà, mo ti din àlùbọ́sà àti áyù sí i, mo fi fúláwà díẹ̀ lé e, mo wá ń da mílíìkì agolo àti omi adìẹ sí i díẹ̀díẹ̀, mo ń rò ó kó má baà di kókó. Mo ti ya ẹran adìẹ náà wẹ́wẹ́. Ata dúdú tí mo gbé ti tú dànù nínú báàgì, mo bá lọ ìyeré ìyá mi sí i, ó sì ń ta sánsán. Mo gbọ́ tí odó bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò. Mo gbọ́ tí wọ́n ń parí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan sọnù nínú ìró náà, àmọ́ n kò mọ ohun tó jẹ́. Ọwọ́ mi kò kúrò nínú ìkòkò.

Ìyá Ọ̀kánkán wọlé láì kan ilẹ̀kùn. Ìró rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́ láti kíṣìnnì, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìyá rẹ ńkọ́?"

"Wọ́n wà nínú yàrá, mà," mo dá a lóhùn, n kò sì jáde. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n parí eléyìí."

Nígbà tí mo yọjú, ó dúró láàárín pálọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àyà mú, ó ń wo àga méjì àti ọmọ odó tó nà sórí wọn pẹ̀lú ohun funfun tó ń já wálẹ̀ lára rẹ̀ bí aṣọ òkú. Kí n tó la ẹnu, ojú ọ̀nà ṣókùnkùn. Pásítọ̀ ìjọ wa ló dúró síbẹ̀ nínú kóòtù, Bíbélì lábẹ́ abíyá, alàgbà kan tẹ̀ lé e.

"Àlàáfíà fún ilé yìí," ó sọ jẹ́jẹ́.

Ìyá Ọ̀kánkán káwọ́ lérí. "Ukú ti gbé e lọ," ó sọ. "Mo gbọ́ ọ. Mo gbọ́ ọ pé odó dákẹ́." Ó sì bú sẹ́kún, ẹkún tó ń fa èèyàn jáde nílé. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn obìnrin àdúgbò ti ń wọlé, àwọn mìíràn pẹ̀lú iyán lọ́wọ́, ọlọ́kadà kan ju ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sáré wọlé.

Ẹ wá wo ohun tó ṣe mí. Èmi ni mo wà nílé láti àárọ̀, èmi ni mo rí ìyá mi tó lọ wẹ̀. Àmọ́ nígbà tí mo rí pásítọ̀ tí n kò pè, tí mo gbọ́ ẹkún, ohun tí mo fojú ara mi rí kò dá mi lójú mọ́. Mo bi ara mi pé ta ló sọ fún un. Mo bi ara mi pé láti ìgbà wo ni mo ti gbọ́ ohùn ìyá mi gbẹ̀yìn. Mo ju ṣíbí sílẹ̀, mo sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, mo ń gbá a. Ilẹ̀kùn tì. Mo pè é, kò dáhùn. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, mo sì gbà, láàárín ìṣẹ́jú yẹn, pé ìyá mi ti kú nígbà tí mo ń ro mílíìkì.

Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ló ṣí. Ìyá mi wọlé láti ilé ìwẹ̀, níbi tó ti wẹ̀ tó sì ti múra, kọ́kọ́rọ́ yàrá rẹ̀ lọ́wọ́, ó wọ léèsì funfun tó fi ń lọ jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́jọ́ ìsinmi, gèlè funfun lórí, pàùdà lọ́rùn. Ariwo dá wáí. Ìyá Ọ̀kánkán rọra bẹ́rẹ̀ títí ìdí rẹ̀ fi kan ilẹ̀. Ọlọ́kadà ti sá jáde.

Ìyá mi wò wá yíká. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí pásítọ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ọmọ mi ti ń se oúnjẹ yín láti àárọ̀."

Fóònù Ìyá Ọ̀kánkán ló ń dún nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Àṣé kí obìnrin náà tó kọjá títì, ó ti pè é pé odó kò dún. Ìyá mi gba fóònù náà, ó ní, "Èmi ni." A gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń sunkún, a gbọ́ tó dákẹ́. Ó wá ní, "Màámi, odó kò dún. Àdéhùn wa nìyẹn. Mò ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la." Ìyá mi dá fóònù padà fún oní-nǹkan. Ó tún gèlè rẹ̀ fà, ó ní kí pásítọ̀ jókòó.

A kò lè lé àlejò jáde. Mo se pásítà náà, mo dà á pọ̀ mọ́ ọbẹ̀ àti adìẹ, ó sì tó gbogbo wa díẹ̀díẹ̀. Pásítọ̀ bi mí pé kí la ń pè é. Nígbà tí mo dárúkọ rẹ̀, ó wo ìyá mi, ìyá mi wò mí, ìgbà náà ló tó yé mi ohun tó lọ ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sàn-án. Pásítọ̀ ní, "Ṣé èmi lẹ wá ń jẹ báyìí?" Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti sọ. Ìyá Ọ̀kánkán, tí omijé kò tíì gbẹ lójú rẹ̀, ń fi ṣíbí wá ẹran nínú abọ́, ó ń ráhùn pé ta ló ya adìẹ wẹ́wẹ́ báyìí tí èèyàn kò fi mọ itan mọ́ ìyẹ́.

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń jẹun. Ó jẹ tirẹ̀ tán, ó fi ìka nu abọ́, ó sì tún bù. Mo ń wò ó. N kò rántí ọjọ́ kan tí mo rí i kó jẹun lójú mi bẹ́ẹ̀, láti kékeré mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, a jọ ń fọ abọ́. Mo ní, "Màámi, iyán inú adìẹ yẹn. Ẹ̀yin lẹ gún un."

"Etí ni mo ń gún un fún," ó sọ. "Etí ẹ̀gbọ́n rẹ. Etí ará ùlú. Bí mo bá gún un tán, adìẹ ni ọ́ ń jẹ ẹ́."

"Ẹ̀yin wá ń jẹ kí ni?"

"Ìrẹsì. Dòdò. Búrẹ́dì." Ó gbé abọ́ kalẹ̀. "Èmi éè fẹ́ràn uyán rí."

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Obìnrin tí wọ́n bí sí Emùré, tó relé ọkọ ní Ìkẹ́rẹ́, tó gún iyán fún bàbá mi ní gbogbo ayé ìgbéyàwó wọn. Mo ní, "Bàbá mi ńkọ́?" Ó ní bàbá mi kò mọ̀. Ó ní láti kékeré ló ti máa ń há òun lọ́fun, ìyá òun sì máa ń ní kóun má ṣe jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Nídìí ààrò, àwa ọmọ rẹ̀ ló ń fi tirẹ̀ fún, lẹ́yìn ìyẹn adìẹ. Nígbà náà ni mo rántí òkèlè tó máa ń fi sí mi lẹ́nu níbẹ̀, tí mo máa ń rò pé ìfẹ́ ló ń fi hàn. Mo gbéra láti Èkó wá láti fi oúnjẹ àjèjì la ojú rẹ̀, òun sì ti ń ṣe àlejò nídìí odó ara rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi.

"Ọ̀la ni ẹ̀gbọ́n rẹ ń bọ̀ wá gbé mi," ó sọ. "Má sọ fún un."

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ojú rẹ̀ pọ́n fún àìsùn. Ó ní kí ìyá wa di ẹrù. Ìyá wa jókòó sórí àpótí, ó ń wo ilẹ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀ ló lè dá kún ẹjọ́ rẹ̀: odó kò dún, nígbà tó sì ń dún, irọ́ ló ń pa. Ìyá Ọ̀kánkán ló wọlé, inú ń bí i torí ìtìjú alẹ́ àná.

"Ùwọ ọmọ yí," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi, "odó dákẹ́ lálẹ́ àná, uyán mi éè tíì tutù tí mo fi dé ubí. Gbogbo àdúgbò dé ubí. Ulé rẹ l'Ékòó, bí ìyá rẹ bá dákẹ́ níbẹ̀, ta ni ọ́ gbọ́?"

Mo mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ń rántí ará ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ l'Ékòó, tó kú sínú yàrá láì sẹ́ni tó mọ̀, títí òórùn fi tó wọn létí. Ó jókòó ti ìyá wa. Ohun tó wá sọ ni pé ebi ń pa òun, pé kí ìyá wa gún iyán fún òun kí òun tó padà. Èmi ni mo dìde lọ gún un. Ó lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun nìkan.

Ìyá mi ṣì wà ní Ìkẹ́rẹ́. Bí alẹ́ bá lẹ́, á gbé ọmọ odó, á fi gbá odó òfìfo díẹ̀, á sì wọlé lọ jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ẹni tó bá ti gúnyán rí mọ ìró odó òfìfo, kò sì sí ẹni tí kò tíì gúnyán rí ní àdúgbò wa. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá pe Ìyá Ọ̀kánkán, á ní, "Ọ́ dún," kò sì parọ́.

Èmi ṣì ń se pásítà mi l'Ékòó. Bí mo bá ń rò ó nínú ìkòkò ní ìrọ̀lẹ́, jẹnẹrétọ̀ nìkan ni mo ń gbọ́ nísàlẹ̀. Mo máa ń dá ọwọ́ dúró nígbà mìíràn, kí n lè mọ̀ bóyá ẹnì kan máa wá bi mí pé kí ló dé.